"Yes Ma" Ló Ń Ba Aṣọ Jẹ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Télọ̀ Sọ Ní Ìkéré

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn télọ̀ ní Ìkéré-Èkìtì ni mo tẹ̀ sílẹ̀ yìí o, torí lẹ́yìn tá a parí, àwọn tí ò ráyè wá ń yọ mí lẹ́nu pé kí n kọ ọ́ kí àwọn náà rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ má wá gírámà ńbẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gírámà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tẹ́ ẹ sá sẹ́yìn lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ rò pé mi ò rí yín, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín wá. Alága yín ló wá bá mi nílé ní Adó, ó ní "Àǹtí Tíṣà, ẹ gbà wá o, kọ́sítọ́mà wa ò mọ sí ará Ìkéré mọ́, wọ́n ti wà ní London, wọ́n ti wà ní Houston, wọ́n ti wà ní Kánádà, vóísì nóòtì ni wọ́n fi ń rán aṣọ báyìí, àwọn mìíì nínú wọn ọ̀hún ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò gbọ́ Yorùbá kankan, tí wọ́n bá ti lanu báyìí, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sórí páànù." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì, bẹ́ẹ̀ ẹ máa gbọ́ tó bá yá bí ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣe fi gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú yìí. Mi ò ní dárúkọ o, ẹ má wojú ara yín. Kọ́sítọ́mà kan wálé ní Kérésì torí òkú ìyá rẹ̀ àgbà, ó rán léèsì lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú yín. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó yí iwájú, ó yí ẹ̀yìn níwájú dígí, ó ní aṣọ yìí mà dáa o, "but could you take it in a bit at the waist?" Ọ̀gá ò sí ńlé, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ní "Yes ma." Kọ́sítọ́mà bọ́ aṣọ, ọmọ gbà á, ó mú un wọ yàrá inú lọ, ó fi hángà kọ́ ọ dáadáa, ó jáde wá, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Kọ́sítọ́mà ń wò ó. Òun náà ń wo kọ́sítọ́mà. "Have you taken it in?" "Yes ma." "Already?" "Yes ma. It is inside."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọmọ náà wà láàárín wa ńbí, òun gan-an ló sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń di ikùn mú.

Ẹ wá wò ó o, nínú gbogbo ohun tí kọ́sítọ́mà yẹn sọ, kò sí èyí tí ọmọ yìí ò mọ̀. Ó mọ "take", ó mọ "it", ó mọ "in", ọmọ pírámárì wán mọ̀ wọ́n. Ohun tí ò mọ̀ ni pé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kó ara wọn jọ níwájú télọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ti yàtọ̀, wọ́n ti di "fún un díẹ̀", ìyẹn ni kó o dín fífẹ̀ aṣọ kù. Ẹ má sì sọ pé gẹ̀ẹ́sì ló burú, torí Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Ẹ gbé òyìnbó tó ń fi díkíṣọ́nárì kọ́ Yorùbá wá síbí, kẹ́ ẹ sọ fún un pé "bọ̀ọ̀dá yẹn rẹ́ mi jẹ." Á ṣí ìwé ẹ̀, á rí "rẹ́", á ní wọ́n gé nǹkan wẹ́wẹ́, á rí "jẹ", á ní ó ti kó o sẹ́nu, ló bá sá lọ sí tésàn pé wọ́n ń jèèyàn ní Èkìtì! "Ó tàn mí jẹ" ńkọ́? "Mo gbà ẹ́ gbọ́" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ méjì ló di ọ̀kan, èèyàn tàbí nǹkan tá à ń sọ ló wá jókòó sáàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí "it" ṣe jókòó sáàárín "take" àti "in". Ẹ ti ń ṣe é látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín.

Nítorí náà àwọn tó jẹ́ ti télọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. "Take it in", fún un. "Let it out", tú u sílẹ̀ kó gbà wọ́n. "Take it up", gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrú. "Let it down", tú etí ìsàlẹ̀ kó gùn sí i. "Try it on", wọ̀ ọ́ wò, ẹ má yọ "on" yẹn kúrò o, torí "try it" lásán lè jẹ́ pé kó tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀. Tí obìnrin bá wá kọ ẹ̀yìn sí ẹ tó ní "could you do me up?" kó o má bínú sí i, síìpù ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ ló ní kó o fà sókè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé àwọn ò lọ ilé ìwé jìnnà. Mo fẹ́ kí n dá yín lóhùn níbẹ̀ yẹn, torí ilé ìwé yẹn gan-an wà lára ohun tó ba ti ọ̀pọ̀ wa jẹ́. Pírámárì tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n ní pátákó kan tí wọ́n so okùn mọ́, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé "I am a vernacular speaker", ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n á gbé e kọ́ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí á fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ èmi lọ́rùn, àkéekèe ló ta mí. Ibi tá a ti ń roko ló ti ta mí, mo bá kígbe pé "Yéè, ìyá mi o!" Wọ́n fi epo pupa ra ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn. Ó yẹ kí n ti ké lédè òyìnbó ni. Ohun tá a wá kọ́ nínú pátákó yẹn, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì, ìdákẹ́ la kọ́. Ẹni tí ò bá sọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Láti ibẹ̀ la ti kọ́ "Yes ma" tá a fi ń bo gbogbo ohun tá ò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, èdè méjì ló wà lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ fún ìyá yín nílé, Ìbàdàn ò lè gbọ́ ọ tán. Ẹ ń pe ilé ní "ulé", ẹ ń pe iṣu ní "uṣu", tẹ́ ẹ bá dé Èkó ẹ ti yí i padà, ẹ ti ń sọ ti rédíò. Ta ló kọ́ yín? Tíṣà wo ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ulé" sápá òsì, tó kọ "ilé" sápá ọ̀tún? Etí yín ló ṣe é. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ ọ, ẹ sọ ọ́, wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín ní gárééjì, ẹ tún un sọ. Ìlànà tí mo mú wá fún yín lónìí ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yìí, kò sí bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ ní Èkìtì tí mi ò ní fọwọ́ kan lẹ́tà "h". Wọ́n ti fi bú wa tó, wọ́n ní èyí tó yẹ ká pè a ò ní pè é, èyí tí ò sí ńbẹ̀ rárá la máa lọ gbé wá, a ní "hegg", a ní "ouse". Àǹtí mi kan ní Ìjerò gba kọ́pà kan sílé, ọmọ Cross River, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Lọ́jọ́ kan àǹtí ti oko dé nírọ̀lẹ́, ebi ti fẹ́ pa á kú, kọ́pà kí i, "Mummy, how are you?" Àǹtí ní "I am very angry." Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀, "Mummy please, what have I done?" Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni àǹtí ń pariwo sí i, "Angry! Angry!" tó tún ń fọwọ́ gbá ikùn, ọmọ yẹn bá rò pé ìjà ti dé, ó sáré wọ yàrá ó ti ìlẹ̀kùn. Ìgbà tí ọkọ àǹtí dé ló tó yé wọn pé iyán ni ọ̀rọ̀ wà fún. Títí dòní, tí kọ́pà yẹn bá pe àǹtí lórí fóònù, ohun tó fi ń kí i ni "Mummy, are you angry?" Àǹtí náà á ní "H-h-hungry!" Ẹ ò rí i, ẹ̀rín yẹn ti fi "h" kan mọ́ ọn lẹ́nu láìlọ kíláàsì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kọ́pà yẹn bú u ni, tó yọ ṣùtì sí i, àǹtí ò bá má sọ gẹ̀ẹ́sì mọ́ láé. Ẹ̀rín méjì ló wà o, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ máa ń fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣẹ̀sín níwájú kọ́sítọ́mà, mo ń wò yín.

Ẹ tún gbọ́ tèmi. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Kánádà pè mí lórí fídíò, ó ní "Grandma, why was six afraid of seven?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní "Because seven eight nine!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ìyá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀, èmi ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n mú wá sí ìpàdé tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ẹ̀. Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kí ló pani lẹ́rìn-ín ńbẹ̀? Ìgbà kẹta tó sọ ọ́ ni iná tàn, "eight" tó jẹ́ mẹ́jọ àti "ate" tó jẹ́ "ó jẹ ẹ́", ìró kan náà ni wọ́n. Seven ti jẹ nine! Ẹ̀rù gbọ́dọ̀ ba six! Ọdún 31 lẹ́nu iṣẹ́ o. Ojú mi mọ "ate", mo ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ àìmọye ìgbà, etí mi ni ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wá ẹ̀fẹ̀ gẹ̀ẹ́sì gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe torí ká lè máa ṣeré. Irú ẹ̀fẹ̀ báyìí, etí ló wà fún, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ adùn ẹ̀ ti lọ. Tó o bá rẹ́rìn-ín lásìkò tó yẹ, o gbọ́ ọ nìyẹn, tó ò bá rẹ́rìn-ín, ó ku ibì kan. Ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ò lè jí wò ni. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n, kí lẹ rò pé wọ́n ṣe ń ní kí ọmọ sọ pé òun ra dòdò n'Ídòó, òun jẹ dòdò n'Ídòó, òun fọwọ́ dòdò na ọmọ onídòdò ní ìdodo? Ohùn ni wọ́n ń fi kọ́ ọmọ, ọmọ rò pé òun ń ṣeré. Mo ti ṣe ọ̀kan fún yín tó jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, torí "ch" ò sí lẹ́nu wa, "sh" la fi ń dípò ẹ̀: "She chose cheap shoes to watch me wash." Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ń wa máṣíìnì. Kọ́sítọ́mà tó bá ní "watch it" ò ní kẹ́ ẹ fọ aṣọ òun o, ó ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra.

Kò sì sí ohun tó ń dá wa láàmú tó fáwẹ̀lì. Yorùbá ní fáwẹ̀lì àfẹnupè méje, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà márùn-ún sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n ń fi í pè, ti àwọn ará ìlú òyìnbó tó bógún. Nítorí náà "i" kan ṣoṣo tiwa, méjì ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. "Hip" ni ìdí tẹ́ ẹ ń fi tépù wọ̀n, "heap" ni òkìtì. "Fit" ni kí aṣọ gba èèyàn, "feet" ni ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán bẹ́díṣíìtì, mo bẹ̀ yín, ẹ fa "sheet" yẹn gùn dáadáa, tẹ́ ẹ bá gé e kúrú, ọ̀rọ̀ tó máa jáde, mi ò lè sọ ọ́ níwájú àwọn màmá.

Ó dáa. Ìdí tí ti àwọn ọmọ òyìnbó yẹn fi ń dún bí àgbàdo lórí páànù wá ńkọ́? Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ mì ni. Àwa náà ń gbé e mì! Ta ló ń sọ pé "kí ni ó ṣe ẹ́"? "Kíló ṣe ẹ́" là ń sọ. Ta ló ń sọ pé "mo fẹ́ lọ ra ẹja"? "Mo fẹ́ lọ rẹja." "Ẹ kú àárọ̀" ti di "ẹ káàárọ̀" tipẹ́. Àlejò tó bá fi ìwé kọ́ Yorùbá máa wá "ra" kiri inú ọjà títí ẹja á fi tán, kò ní gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "going to" ti di "gọ́nà" lẹ́nu wọn, "want to" ti di "wọ́nà", "cup of tea" ti di "kọ́pátíì". "Take it in" yẹn gan-an, tẹ́ ẹ bá dijú gbọ́ ọ, "téékítín" ló ń dún, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé "kitten", ọmọ ológbò, ni wọ́n ń pè. Wọ́n tún ní ìró kan tó wọ́pọ̀ ju gbogbo ìró wọn lọ tí ò ní lẹ́tà tiẹ̀ rárá. Ìbẹ̀rẹ̀ "about" àti ìparí "teacher" ló wà. Àwa ń sọ "tíṣà", à ń la ẹnu wàà sí ìparí ẹ̀, tiwọn ò ju kéèyàn mí lọ. Bẹ́ ẹ bá ń retí gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ rí nínú ìwé, ẹ máa dúró pẹ́, torí ibi kan ni wọ́n ń tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ìyókù wọ́n ń sáré kọjá lára ẹ̀. "Comfortable", "kọ́m" ni wọ́n tẹ̀, àwọn tó kù sáré tẹ̀ lé e bí èrò ẹ̀yìn ọ̀kadà. Àwa tí "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" yàtọ̀ síra lẹ́nu wa, tá ò ṣì wọ́n pè rí, kí ló máa wá sọ wá di adití sí ibi tí wọ́n tẹ̀?

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ohùn ìṣẹ́jú kan péré ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú fíìmù wákàtí méjì. Ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà, VOA, ti rí ọ̀rọ̀ yìí láti 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Special English, bí 1,500 ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ka ìròyìn ńbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń rọra kà á. BBC náà ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gẹ̀ẹ́sì láti 1943, tiwọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ dáńlóòdù ẹ̀ lóru tí dátà bá pọ̀, tó bá jẹ́ YouTube, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dín eré ẹ̀ kù, ẹ gbé e sí 0.75. Gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan, má kọ nǹkan kan, ṣáà mọ iye èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí wọ́n ń bá fà. Ìgbà kejì, kọ ohun tí etí ẹ gbọ́, fi Yorùbá kọ ọ́, kódà bó jẹ́ "téékítín" lo gbọ́, kọ "téékítín". Ìgbà kẹta lo tó máa ṣí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ibi tí tìẹ àti tiwọn ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni etí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà máa sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn, sókè, bó o ṣe ń wa máṣíìnì, jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé orí ẹ ti dàrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jápa tẹ́ ẹ ń múra IELTS, ìdánwò gẹ̀ẹ́sì yẹn, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń múra ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé apá tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn, ìbéèrè 40 ni láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gbé e sí i. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ".

Ní ti ká mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ fi díkíṣọ́nárì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́ látinú ṣọ́ọ̀bù yín ti tó, "hem", "sleeve", "lining", "seam", ohun tí ọwọ́ yín ń dì mú. Ará Jámánì kan wà, Ebbinghaus, ara ẹ̀ ló fi dán an wò, ó kọ ìwé ẹ̀ jáde ní 1885, ohun tó rí ni pé ohun tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kíákíá la fi ń gbàgbé púpọ̀ nínú ẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń rọra lọ. Nítorí náà ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá tín mílíìkì mẹ́ta tó ti tán, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ gé péèpà pẹlẹbẹ, gẹ̀ẹ́sì ní iwájú, Yorùbá ní ẹ̀yìn, kó o sínú tín àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ lò ń yọ wọ́n wò. Èyí tó o bá mọ̀, ó lọ sí tín kejì, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lò ń yẹ ìyẹn wò. Tó o bá tún mọ̀ ọ́n, ó lọ sí tín kẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó o bá ṣì, ó padà sí tín àkọ́kọ́ bí ọmọ tó rìpíìtì. Ẹlòmíì tó ń jẹ́ Leitner ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1972, àpótí lòun lò, tín mílíìkì ni tèmi.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tàbí ẹ̀fẹ̀ tó so mọ́ ọn, kì í tètè bọ́. Kí ló dé tí màlúù tó ń jẹko fi jẹ́ "cow" tó bá wá dénú ìkòkò tó di "beef"? Ní 1066 àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló di ọba, àwọn ló di ìjòyè. Tálákà tó ń da ẹran ń fi èdè tiẹ̀ pe ẹran, "cow", "sheep", "pig". Ọlọ́lá tó kàn ń rí ẹran lórí tábìlì ń fi Faransé pè é, "beef", "mutton", "pork". Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tán, tó wá rántí àwọn tó ń da ẹran àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ nílùú tiwa, kò ní gbàgbé "beef" mọ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo gẹ̀ẹ́sì wa ló burú. Ní January 2020, díkíṣọ́nárì Oxford kó ọ̀rọ̀ 29 tá à ń lò ní Nàìjíríà wọlé, "next tomorrow" wà ńbẹ̀, ọ̀túnla wa gan-an, "mama put" wà ńbẹ̀, "danfo" àti "tokunbo" wà ńbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kéèyàn mọ ẹni tóun ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin télọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ra òwú, ẹ ó ní "I'm coming", ẹ ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹni tí wọ́n bí sí London ń wo ẹ̀yìn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ó ń rò ó pé ibo lẹ ń bọ̀ gan-an. "I'll be right back", ìyẹn ni kẹ́ ẹ sọ fún irú wọn. Fún èmi, "I'm coming" ti tó, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dé kíákíá.

Ohun tó kù ni "Yes ma" yìí. Mo mọ ibi tó ti wá, a ò fẹ́ kí àgbà rò pé a ń dá a lóhùn, a ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ò gbọ́. Àmọ́ léèsì tó gé, kò ṣeé lẹ̀ padà. Ẹ gba gbólóhùn mẹ́ta yìí sẹ́nu dípò ẹ̀: "Sorry ma, could you say that again?" "Do you mean tighter or looser?" "How many inches?" Kò sí àfojúdi kankan ńbẹ̀, kódà òyìnbó á fẹ́ràn ẹ sí i, torí ó mọ̀ pé télọ̀ tó bá béèrè kì í ṣèṣì géṣọ.

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé nìyẹn, mo wá ní kí alága mú vóísì nóòtì kọ́sítọ́mà kan wá, a so fóònù mọ́ sípíkà. Obìnrin kan ni, ó ń sáré sọ̀rọ̀: "Hi aunty, the dress is gorgeous, it's just a bit tight round the hips, could you let it out about an inch? Thanks, bye." Ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ilé dákẹ́, màmá kan ní "bye" nìkan lòun gbọ́. Ìgbà kejì mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀kan kọ "gọ́jọ́ọ̀sì", ó rò pé orúkọ èèyàn ni. Ọ̀kan kọ "lẹ́tíàátì". Màmá tó gbọ́ "bye" kọ "ábítáìtì", ó ní irú aṣọ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìgbà kẹta, ọmọ "It is inside" yẹn nawọ́ sókè. Ó ní "Ó ní aṣọ dáa, ó fún un níbi ìdí, ká tú u sílẹ̀ ní íńṣì kan." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kí lo máa wá sọ fún un báyìí? Ó ronú díẹ̀. Mo rí "Yes ma" tó ti dé etí ètè ẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní "Sorry ma. One inch each side, or one inch altogether?"

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Èmi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

Àfi gbàù, wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró, sípíkà kú, ooru bo gbogbo ilé. Kí n tó yanu, màmá "bye" yẹn ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àǹtí Tíṣà, they have taken it in!"